Ẹ To Nọ́mbà Inú Fóònù Yín: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ilé, Ọlọ́sìn Adìyẹ àti Ẹlẹ́fọ̀ọ́ l'Ékòó

Lóru ọjọ́ kan ni adìyẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége ni mo ti ń sìn wọ́n, bírọ́ílà 200 ó lé díẹ̀, ó ku nǹkan bí ọjọ́ 10 tí màá tà wọ́n fún ọdún. Aago 11 alẹ́ ni mo tan tọ́ọ̀ṣì wọlé tọ̀ wọ́n, 3 ti kú, àwọn tó kù kó jọ sí igun kan, wọ́n ń mí helehele. Mo sáré mú fóònù, mo tẹ "dokita". Mẹ́ta ló jáde: Dokita, Dokita 2, Dokita New. Mo tún tẹ "doctor" àti "dr", méjì míì jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni dókítà adìyẹ, mi ò mọ èwo. Mo pe àkọ́kọ́, dókítà eyín ìyàwó mi ni, mo jí i lójú oorun, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Èkejì ò lọ. Ẹ̀kẹta, obìnrin kan gbé e, ó ní òun ò mọ dókítà kankan, síìmù náà ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìgbà tí mo máa fi rí ẹni tí mò ń wá, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́, 39 ti kú.

Nọ́mbà ẹ̀ wà nínú fóònù mi látọjọ́ yìí o. Orúkọ tí mo fi sí i ni ò jẹ́ kí n rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa l'Ékòó ló ń gbé 600, 700 nọ́mbà kiri, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, ìkan ṣoṣo tá a nílò gan-an la ò ní rí.

Orúkọ tẹ́ ẹ máa fi sí i

Fún ará ilé àti ọ̀rẹ́, orúkọ ló máa síwájú, ìyẹn ò ṣòro. Àmọ́ fún ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló pa yín pọ̀, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ síwájú, kí ibi tó wà tẹ̀ lé e, kí orúkọ gbẹ̀yìn. "Tomato Mile12 Iya Ibeji". "Fidi Iyana Ipaja Alaaji". "Dokita Adiye Agege". "Dokita Eyin Ikeja". Ìdí ni pé fóònù máa ń to orúkọ ní A, B, D ni, tí ẹ bá fi iṣẹ́ síwájú, gbogbo onífíìdì, ìyẹn àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, máa tò sójú kan náà, tí ẹni àkọ́kọ́ bá ní fíìdì ti gbówó lórí ẹ kàn máa sún ìka sísàlẹ̀ pe ìkejì ni. Kẹ́ ẹ sì wò ó, tí ẹ bá gbàgbé orúkọ ẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ "mile12" níbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, gbogbo àwọn ará Mile 12 yín máa tò jáde, torí ọ̀rọ̀ èyíkéyìí nínú orúkọ yẹn ni fóònù lè fi wá a.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa gbà kọ ọ̀rọ̀ kan o. Tó bá jẹ́ "fidi" lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má kọ "feed" lọ́la. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tọ́wọ́ yín bá ń gbọ̀n.

Màmá mi ò mọ̀wé kà, àmọ́ wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ ní Oyíngbò, wọ́n sì ní fóònù. Àwòrán la fi ṣe tiwọn. Tí ẹ bá ṣí orúkọ ẹnì kan, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń fi fọ́tò sí i, a ya fọ́tò ẹni tó ń gbé ṣọkọ yòkọ̀tọ̀ wá fún wọn fi síbẹ̀, a ya mọ́tò oní-kòròpe tó ń gbé ẹrù wọn fi síbẹ̀, àwa ọmọ, fọ́tò wa. Ní báyìí wọn ò dúró de ọmọ kankan kó tó bá wọn pe nọ́mbà. Tó bá jẹ́ àwọn àwòrán kéékèèké inú kíbọọ̀dù lẹ fẹ́ lò, bíi tòmátò tàbí adìyẹ, ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn orúkọ, tó bá síwájú ó máa da títò A, B, D yẹn rú.

Nọ́mbà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Nọ́mbà tiwa 11 ni, òdo ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá kọ +234 síwájú, òdo yẹn máa kúrò, á wá ku 10 lẹ́yìn +234. Èmi +234 ni mo fi ń kọ gbogbo tèmi torí ó máa lọ bẹ́ ẹ bá wà ní Kútọnu tàbí London. Ẹni tó bá sì ní síìmù méjì, ẹ fi méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan, ẹ má kọ "Baba Risi 1" àti "Baba Risi 2". Tó bá ti pọ̀ báyẹn tẹ́lẹ̀, nínú áàpù Contacts ti Google, ibì kan wà tí wọ́n kọ Merge duplicates sí, ó máa bá yín pa wọ́n pọ̀, àmọ́ ẹ ka orúkọ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gbà fún un.

Ibo ni nọ́mbà yẹn wà gan-an?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Tí ẹ bá fẹ́ séèfù nọ́mbà tuntun, wo òkè, fóònù máa ń bi yín ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó wà: inú síìmù, inú fóònù, àbí inú àkáǹtì Google yín. Ọ̀pọ̀ kì í wò ó rárá. Síìmù ò gba nǹkan púpọ̀, nǹkan bí 250 ni ọ̀pọ̀ ń gbà, orúkọ kúkúrú àti nọ́mbà nìkan, kò gba fọ́tò, kò gba àdírẹ́sì. Tí síìmù bá bàjẹ́ tẹ́ ẹ lọ ṣe wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì, nọ́mbà yín ló máa padà o, orúkọ àwọn èèyàn tó wà nínú ẹ̀ ò ní bá a wá, síìmù tuntun lófìfo ni wọ́n máa fún yín. Èyí tó wà nínú fóònù nìkan, ọjọ́ tí wọ́n bá já fóònù gbà l'Ọ́ṣòdì tàbí tó bá bọ́ sínú pọ́ńdù ẹja, ó lọ nìyẹn.

Èyí tó wà nínú àkáǹtì Google, bí fóònù náà bá run dé eérú, ẹ ra òmíì, ẹ fi ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù yín wọlé, ẹ tan dátà, gbogbo ẹ̀ á máa wọlé padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ṣèèṣì pa nọ́mbà kan rẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ 30 ló máa fi wà nínú Trash kó tó lọ pátápátá. Tó bá jẹ́ iPhone, iCloud ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ẹ ríi dájú pé Contacts wà ní títàn nínú ẹ̀.

Tí èyí tẹ́ ẹ ti ní bá wà nínú síìmù, ẹ ṣí Contacts, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Import from SIM sí, ẹ yan ímeèlì yín, ó parí. Kò tó ìṣẹ́jú 5. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí ni pé ẹlòmíì, ọmọkùnrin tó ta fóònù fún un ló bá a ṣí ímeèlì, kò mọ ímeèlì ọ̀hún, kò mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tàbí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán bá yín ṣí òmíì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀.

Ìràwọ̀

Tí ẹ bá ṣí orúkọ ẹnì kan lórí Android, ìràwọ̀ kékeré kan wà lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn ti bọ́ sí Favorites nìyẹn, òun lẹ máa kọ́kọ́ rí tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe èèyàn. Lórí iPhone, inú Phone lẹ máa lọ, ẹ tẹ Favorites, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀.

Ẹ má fún èèyàn 40 ní ìràwọ̀, àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó. Kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù o, ẹni tẹ́ ẹ máa nílò láago 2 òru ni. Tèmi: ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi tó wà nítòsí, ará ilé kejì tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ ẹ̀, dókítà adìyẹ, nọ́ọ̀sì àdúgbò, awakọ̀ kan tó ń gbà láti jáde lóru, ilé ìwé àwọn ọmọ. Àti 767. Nọ́mbà pàjáwìrì Èkó nìyẹn, 112 náà ń ṣiṣẹ́, owó ò sì ní jẹ, iná ni o, jàǹbá ọkọ̀ ni o. Ẹ séèfù ẹ̀ sí "Ambulance Iná Pajawiri" kí ọmọdé náà lè rí i.

Àǹfààní míì tó wà nínú ìràwọ̀ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta tòmátò àti tàtàṣé lẹ máa gbádùn ẹ̀ jù. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kánò lè wọ Mile 12 láago 3 ìdájí, awakọ̀ ń pè, ẹ̀yin sì ti pa ohùn fóònù torí ẹ fẹ́ sùn. Ẹ lọ sí Do Not Disturb nínú Settings, ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí àwọn tó ní ìràwọ̀ máa wọlé. Gbogbo ayé á dákẹ́, ẹni tó ní ìràwọ̀ nìkan ló máa dún. Ẹ fún awakọ̀ náà ní ìràwọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ọjà ń bọ̀, ẹ yọ ọ́ tó bá ti já ẹrù tán.

Oníbàárà orí Wàsáàpù

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbin ewédú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sọ fún mi pé àwọn oníbàárà òun kì í dá òun lóhùn tóun bá fi broadcast, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan náà sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ránṣẹ́. Wọn ò rí i ni. Broadcast Wàsáàpù, ẹni tó bá ti séèfù nọ́mbà yín nìkan ló máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Kẹ́ ẹ séèfù tiwọn ò tó. Ẹni tó bá wá ra nǹkan, kó tó gba ṣéńjì, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ séèfù mi, Efo Tete Ojo", ẹ fẹnu sọ orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ kó fi sí i, kó má lọ kọ "Woman Vegetable", tí kò ní rí yín mọ́ láéláé.

Nọ́mbà tó ti dòkú

Síìmù tí wọn ò bá lò fún oṣù 6, ilé iṣẹ́ tó ni ín lè tì í, tó bá tún lo oṣù 6 sí i wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì. Irú ẹ̀ ni obìnrin tí mo pè lóru yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpè nìkan o: OPay àti PalmPay, nọ́mbà fóònù tí wọ́n yọ òdo iwájú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò bíi nọ́mbà àkáǹtì. Tẹ́ ẹ bá mú nọ́mbà onífíìdì tẹ́ ẹ ti séèfù láti ọdún mẹ́ta, tẹ́ ẹ fi owó àpò 20 ránṣẹ́ láìwo orúkọ tó jáde, ọwọ́ àjèjì lowó náà lè bọ́ sí. Ẹ wo orúkọ. Ẹ tún fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún, èmi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù January ni mo ń lò, kẹ́ ẹ kà wọ́n látòkè délẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ ò rántí mọ́, ẹ yọ ọ́.

Ohun tí ò yẹ kó wà níbẹ̀

PIN ATM. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi í pa mọ́ sábẹ́ "Uncle Bank", àwọn olè náà mọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lónìí.

"Mummy", "My Husband", "Ololufe mi", ìyẹn náà ń kó bá wa. Ẹni tó bá jí fóònù máa fi ránṣẹ́ sí "Mummy" pé mo wà ní họ́sípítù, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́. Ẹ lo orúkọ gidi, kẹ́ ẹ sì fi lọ́ọ̀kì sí fóònù. Ẹlòmíì á ní tóun bá wá ṣubú lójú títì ńkọ́, ta ni wọ́n máa pè? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Nínú Settings lórí Android, ẹ wá Safety and emergency, ẹ kọ orúkọ èèyàn méjì síbẹ̀. Lórí iPhone, inú Health ló wà, Medical ID. Ẹni tó bá rí yín lè tẹ Emergency lórí fóònù tí wọ́n tì pa, á rí èèyàn méjì yẹn pè, kò sì ní lè wọ inú fóònù yín.

Ìwé, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta fóònù

Iná lè má sí fún ọjọ́ mẹ́ta, bátìrì á kú. Àwọn mẹ́jọ tẹ́ ẹ fún ní ìràwọ̀ yẹn, ẹ kọ nọ́mbà wọn gàdàgbà sórí kádíbọ́ọ̀dù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, ẹ lẹ ìkejì mọ́ ilé adìyẹ níbi tí òjò ò lè dé.

Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ ta fóònù àbí kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Computer Village, ẹ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ẹlòmíì ṣí contacts.google.com, kẹ́ ẹ ríi pé gbogbo orúkọ yín wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí wọn, tó bá jẹ́ títà, ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò, ẹ fọ fóònù náà mọ́ pátápátá, kẹ́ ẹ yọ síìmù. Tó bá jẹ́ àtúnṣe, ẹ yọ síìmù, ẹ dúró tì í títí wọ́n á fi parí.