Bí mo ṣe pa ibi tí Màrúwá ha lára ọkọ̀ mi rẹ́

Dúdú ni Corolla mi, ẹni tó bá sì ní ọkọ̀ dúdú mọ̀ pé kò sí ohun tí kì í hàn lára rẹ̀. Nínú gosiló Mọ́kọ́lá ni Màrúwá kan ti rá pálá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tí irin rẹ̀ sì ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Pẹ́ńtà àdúgbò wa ní ₦40,000, òun á kun gbogbo ilẹ̀kùn. Mo ní kó jẹ́ n lọ rò ó.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ dáadáa. Iyanrìn tó bá ṣẹ́ kù sábẹ́ aṣọ yín á tún fa ìlà mìíràn. Kí ẹ wá fi èékánná gba orí ìlà náà kọjá. Bí kò bá kọ́ ọ, kílíà nìkan ló ha, ìyẹn ọ̀dà tí kò láwọ̀ tí wọ́n ń fọ́n lé ọ̀dà aláwọ̀ lórí kí ara ọkọ̀ lè máa dán. Ọwọ́ yín á ká ìyẹn. Bó bá kọ́ ọ, tàbí tí irin ti yọjú, ẹ má wulẹ̀ dààmú apá yín: ọ̀dà ló ń fẹ́. Méjèèjì ló wà lára tèmi.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, lábẹ́ òjìji. Mo fi kọ́ḿpáùǹdì, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń gbo ara ọkọ̀ kó lè dán, bíi hóró ẹ̀wà méjì sórí fọ́ọ̀mù, mo ń yí i po lójú kan títí tó fi fẹ́ẹ̀ gbẹ. Ẹ yẹ fọ́ọ̀mù náà wò. Bó bá ti gba àwọ̀ ọkọ̀ yín, kò sí kílíà níbẹ̀, ọ̀dà gan-an lẹ ń bó, ẹ rọra. Tèmi ṣì funfun, ìdajì ìlà náà sì ti lọ. (Pẹ́ẹ̀sìtì ìfọyín táwọn kan ń sọ, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ apá á ro yín.)

Ìdajì tó kù ló gba sáńpépà, òun ló sì ń ba tàwọn èèyàn jẹ́. Kílíà kò nípọn tó abala ìwé kan, ẹni tó bá fìbínú gbo ó ti gbo ó tán. Nọ́ńbà 2000 ni mo lò (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni sáńpépà ṣe ń kúnná tó). Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 15, mo wé e mọ́ sílípáàsì àlòkù tí mo gé bí ìka mẹ́ta, torí ìka lásán máa ń gbẹ́ kòtò. Ẹ gbo ó fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ nù ún, ẹ wò ó. Ẹ yàgò fún etí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù. Ojú ibẹ̀ á ṣú bíi dígí tí èèyàn mí sí. Àyà mi já nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Nọ́ńbà 3000 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kọ́ḿpáùǹdì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni mo bá ń rí eyín ara mi nínú rẹ̀.

Ó ku ibi tó jinlẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀dà Toyota wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, níwájú C/TR: 202 ni tèmi. Mo ra ìgò ọ̀dà kékeré tó bá nọ́ńbà náà mu, mo fi igi ìtayín tọ́ ọ sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo ń jẹ́ kó gbẹ láàárín. Wáàsì, ìyẹn ìda tí wọ́n fi ń pa ara ọkọ̀, ló kẹ́yìn.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ìṣílẹ̀kùn, ẹ ó rí i pé ọ̀dà ibẹ̀ ga díẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.