Bí mo ṣe rí bass mú ní Lake Conroe nígbà tí òtútù já lu ooru oṣù Kejì

Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ooru ṣàdédé mú láàárín oṣù Kejì, nígbà tó yẹ kí kóòtù ṣì wà lọ́rùn wa. Ọjọ́ 9 gbáko ló fi mú bẹ́ẹ̀. Igi ti ń rúwé, ẹ̀fọn ti ń kùn létí wa lálẹ́. Gbogbo apẹja tí mo bá pàdé ló ń sọ pé bass, ẹja omi aládùn kan tí àwọn apẹja ibí fẹ́ràn, ti gòkè wá sí etí omi, pé wọ́n fẹ́ yé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ọkọ̀ ojú omi, a fi sí Sátidé.

Atẹ́gùn yí padà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àríwá ló ti ń bọ̀, ó fẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó gbá ìkùukùu lọ pátá. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, ojú ọ̀run mọ́ gaara, òtútù sì wà ní digírì 36 ti Fahrenheit. Ẹni tó mọ ọyẹ́ dáadáa nílé á mọ irú oòrùn tí mò ń wí: ó ń ràn, ṣùgbọ́n kò ta síni lára. Ẹ̀gbọ́n pè mí láago márùn-ún ìdájí. "Àbúrò, ṣé a ṣì ń lọ báyìí?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, sà."

Ìwọ̀n máìlì 40 ni Lake Conroe sí Houston, lápá àríwá. Odò San Jacinto ni wọ́n sé, tí omi náà fi di adágún lọ́dún 1973, ó sì fẹ̀ tó éékà 21,000. A fi ọkọ̀ sómi ní Scott's Ridge, nínú igbó Sam Houston National Forest, a sì kọrí sí inú kọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n ti mú ẹja mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ rẹ̀ sọ fún un pé omi wà ní digírì 63. Lọ́jọ́ tiwa, 52 ni. Nígbà tá a padà jáde síta níbi tó jìn, 56 la bá.

Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹja kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ṣe máa ń rí. Bí omi bá ti ń sún mọ́ digírì 60, bass á máa kúrò níbi tó jìn bọ̀ wá sí etí omi, akọ á wá ilẹ̀ tó le, á fi ìrù gbá a mọ́, abo á wá yé síbẹ̀. Ooru ọjọ́ 9 yẹn ló pè wọ́n kí àsìkò tó tó. Ṣùgbọ́n etí omi tó tètè gbóná náà ló ń tètè tutù, ibi tó jìn kì í yára yí. Afẹ́fẹ́ ara wa ni gbogbo wa ń wò, omi ló yẹ ká máa wò.

Etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí. Òjò ni apẹja ń wò níbẹ̀: bí òjò bá pọ̀, omi odò á ti omi iyọ̀ sẹ́yìn, àwọn ẹja kan á lọ, àwọn mìíràn á dé. N kò rí ẹni tó ń fi tẹmómítà wọn omi níbẹ̀ rí. Ó gbà mí lọ́dún mélòó kan ní Texas kí n tó gbà pé ooru omi ni òjò tiwọn níhìn-ín.

Síbẹ̀, wákàtí mẹ́ta la fi ju ìdẹ pupa tó ń sáré sínú kọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ìdẹ pupa ni gbogbo ayé ń jù ní Texas lóṣù Kejì. Ẹja kankan kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo wá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ẹja tó ti gbéra láti yé kò ní padà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun líle àkọ́kọ́ tó bá kàn lójú ọ̀nà, tó sún mọ́ omi jíjìn, ni yóò lẹ̀ mọ́. A wa ọkọ̀ lọ sí afárá títì kan tí wọ́n ń pè ní FM 1097, níbi tí wọ́n to òkúta ràgàjì-ràgàjì sí ẹsẹ̀ títì kí omi má baà jẹ ẹ́. Òkúta máa ń gba oòrùn mọ́ra. A lọ sí apá tí afẹ́fẹ́ àríwá kò dé, a sì dúró kí ọjọ́ kanrí. Ní aago kan, ẹ̀rọ sọ pé 57.

Mo pààrọ̀ ìdẹ. Mo so jig aláwọ̀ ilẹ̀, ìyẹn ìwọ̀ tó ní òjé lórí, mọ́ okùn, mo fi ìrù oníke tó jọ crawfish, ẹbí edé tó ń gbé inú omi aládùn, sí i, nítorí òun ni bass ń jẹ láàárín òkúta. N kò jù ú kọlu òkúta. Mo tẹ̀ lé etí òkúta lọ gbọọrọ, kí ìdẹ lè pẹ́ níbi tí ẹja wà, mo jẹ́ kó kanlẹ̀, mo sì ń fà á bí ìgbín. Bass tí òtútù mú kò ní lé oúnjẹ. Àfi kí oúnjẹ kọjá níwájú ẹnu rẹ̀. Nínú okùn, o máa gbọ́ òkúta lọ́wọ́ rẹ: kọ́, kọ́, kọ́. Bí ẹja bá gbé e, kò ní já a gbà. Kọ́ yẹn á kàn dákẹ́, okùn á wúwo bí ẹni pé àkísà tútù so mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni kó o fa ọ̀pá sókè.

Ẹja kìíní jẹ́ íǹṣì 14. Íǹṣì 16 ni òfin fàyè gbà ní adágún yìí, márùn-ún lójúmọ́, nítorí náà mo dá a padà. Ìkejì tó 17. Ìkẹta wá ní nǹkan bí aago mẹ́ta, níbi tí òkúta ti parí tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó rọra wúwo, lẹ́yìn náà ló yí orí padà sí omi jíjìn, tí okùn ń dún fíì. Ẹ̀gbọ́n ń pariwo pé, "Rọra, àbúrò, má fipá fà á!"

Abo ni, pọ́ùn 6 àti díẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò di ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ mú, ó ń ha mí lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú gbọ̀ǹgbọ̀n, ẹyin ló kún un. Èékánná crawfish kan yọ jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Mo wo ìrù rẹ̀: ó mọ́ tónítóní, kò bó, kò pọ́n. Ẹja tó bá ti wà lórí ìtẹ́, ìrù rẹ̀ á ti họ. Èyí kò tíì yé rárá. Ó ń dúró de ooru níbi òkúta yẹn ni.

Ẹ̀gbọ́n ní ká gbé e lọ sílé, pé ẹja tó tó bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 1986 ni ìjọba Texas ti ń yá abo ńláńlá, pọ́ùn 13 sókè, lọ́wọ́ àwọn apẹja kí wọ́n lè yé nílé ìtọ́jú ẹja; lóde òní, àwọn tí wọ́n bá mú láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ni wọ́n ń gbà, Athens ní Texas ni wọ́n sì ń kó wọn lọ. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin náà ló wà nínú rẹ̀. Mo tẹ ọwọ́ bọ omi, mo gbé ikùn rẹ̀ ró, mo dì í mú lábẹ́ omi títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrù gbá ọwọ́ mi. Ó lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, sí ìsàlẹ̀ òkúta kan náà.

Nígbà tá a dé èbúté, ọwọ́ mi ti kú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ló bá mi tú ìdẹ náà kúrò lórí okùn.