Bí A Ṣe Ń Ṣe Iṣẹ́ Alábòójútó Àtúnṣe Nínú Ọgbà Fúláàtì

Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ alábòójútó àtúnṣe nínú ọgbà fúláàtì ti ru ẹrù méjì pọ̀: òun ni ó ń darí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, òun náà ni ó sì ń di sípánà mú. Kí nǹkan kan tó bàjẹ́ rárá ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ rìn yí gbogbo ọgbà ká títí ẹ ó fi mọ ibi tí a ti ń ti omi àti gáàsì pa fún ilé kọ̀ọ̀kan, ibi tí a ti ń pa iná, àti ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún àwọn ayálégbé, ẹ fi ọwọ́ ara yín yí àwọn fáàfù omi wò, nítorí pé èyí tí ẹnikẹ́ni kò yí fún ọdún púpọ̀ a máa gan, kò sì yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ tí omi ń ya láti òkè àjà ni ẹ máa mọ̀.

Ẹ má ṣe máa tẹ̀ lé ìpè bí wọ́n ṣe ń wọlé. Òórùn gáàsì, iná tí ń ṣẹ́ pàrà, páìpù tí ó bẹ́ àti omi ìdọ̀tí tí ń padà sínú ilé ni kí ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún. Bí ó bá jẹ́ gáàsì, kí ayálégbé má tan iná, kí ó má sì pa á. Kí ó jáde, kí ó sì ti ìta pe àwọn tí ọ̀rọ̀ gáàsì kàn. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ń mì lè dúró, bí ẹ bá ṣáà ti sọ ọjọ́ tí ẹ ó wá.

Ibi tí mo ti ń rí i tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni wíwá orísun ẹ̀bi. Omi tí ń kán láti àjà lè ti rìn jìnnà lórí igi tàbí páìpù kí ó tó yọ, nítorí náà, kí ẹ tó gé àjà, ẹ bi ayálégbé léèrè ìgbà tí ó máa ń kán. Bí kì í bá dáwọ́ dúró, àní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo omi, ẹ fura sí páìpù tí ń gbé omi wọlé, torí agbára omi wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ará òkè bá wẹ̀ nìkan, ẹ wo ọ̀pá omi ìdọ̀tí tàbí etí ibi ìwẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà òjò, òrùlé ni. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà omi rẹ̀ ti dí. Ẹ tètè gbẹ ibẹ̀, nítorí pé láàárín wákàtí 24 sí 48 ni ibi tí ó tutù lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ọ̀dà sórí ohun tí kò tíì gbẹ.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè máa fi omi ṣòfò láìpariwo. Ẹ da àwọ̀ oúnjẹ díẹ̀ sínú táǹkì rẹ̀. Bí àwọ̀ náà bá yọ nínú àwo lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 láìjẹ́ pé a ṣan án, rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì ti jẹ.

Ní ti iná, bí bíréékà (ohun tí ń gé iná bí ó bá ju agbára wáyà lọ) bá ń já léraléra, ẹ má ṣe fi èyí tí ó tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé wáyà yóò gbóná títí yóò fi jó kí bíréékà náà tó já. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa iná, ẹ kọ́kọ́ dán tẹ́sítà wò lára ohun tí iná wà nínú rẹ̀ dájú, lẹ́yìn náà lára wáyà tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, kí ẹ sì tún padà sí ti àkọ́kọ́, kí ó lè dá yín lójú pé tẹ́sítà náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí ayálégbé bá kó jáde, ẹ pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ èéfín ní ẹ̀yìn rẹ̀; bí ó bá ti pé ọdún 10, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà nígbà tí ẹ dúró tì í, kí ẹ sì padà lọ wo iṣẹ́ tí ó dá ṣe. Ẹ kọ fúláàtì, ọjọ́, ohun tí a bá àti ohun tí a pààrọ̀ sílẹ̀. Bí ìwé náà bá fi hàn pé fúláàtì mẹ́ta tí ó wà lórí ara wọn ni omi ìdọ̀tí wọn dí láàárín oṣù kan, ẹ yé ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lọ yẹ ọ̀pá ńlá tí gbogbo wọn ń da omi sí wò.