Bí mo ṣe tọpa fídíò aṣòfin Amẹ́ríkà kan títí mo fi débi tó ti ṣẹ̀ wá

Fídíò kan ló ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, ẹ̀yin náà lè ti rí i tàbí kẹ́ ẹ ti rí èyí tó jọ ọ́. Aṣòfin kan ní Amẹ́ríkà ló ń fìbínú sọ̀rọ̀ lórí owó oògùn, ó ń nawọ́ síbí, ó ń nawọ́ sọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn, àti pé bó ṣe sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n dìbò tí wọ́n sì da àbádòfin náà nù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní "ìwọ tó o máa ń wo nǹkan báyìí, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wò ó. Mo wá ní kí n kọ bí mo ṣe wò ó síbí, torí kò le rárá, sùúrù ló kàn gbà.

Mo kọ́kọ́ dá fídíò náà dúró, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Ẹni tó gé e ti gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ dànù, ibi tí orúkọ aṣòfin àti ìpínlẹ̀ ẹ̀ máa ń wà, ṣùgbọ́n kò gé e tán, orí àwọn lẹ́tà yẹn ṣì ń yọjú bí ọmọdé tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn nìkan ti tó kéèyàn fura. Lẹ́yìn ìyẹn mo wo ibi tó dúró sí. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tábìlì kékeré tiẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń dìde sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nílé àwọn aṣojúṣòfin kò sẹ́ni tó ní ìjókòó pàtó, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á lọ dúró nídìí màíìkì níwájú tàbí nídìí tábìlì gbọọrọ kan láàárín. Ọkùnrin yìí wà nídìí tábìlì gbọọrọ, wọ́n sì gbé pátákó ńlá kan tí wọ́n ya gíráàfù sí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó dáa, ilé aṣojúṣòfin nìyẹn.

Ibi tí mo wá lọ ni C-SPAN, iléeṣẹ́ TV tó máa ń gbé ìjókòó ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sáfẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé TV ìjọba ni, kì í ṣe ti ìjọba o. Brian Lamb ló dá a sílẹ̀, owó àwọn iléeṣẹ́ kébù àti sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń ṣe é, March 19, 1979 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìjókòó ilé aṣojúṣòfin sáfẹ́fẹ́, Al Gore tó ń ṣojú àwọn ará Tennessee nígbà yẹn ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn sẹ́nétọ̀ ò gbà kí kámẹ́rà wọlé wọn àfi ìgbà tó di 1986. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn torí òun ló máa la gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: C-SPAN kọ́ ló ni kámẹ́rà tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ilé aṣòfin fúnra ẹ̀ ló ni ín, òṣìṣẹ́ wọn ló ń darí ẹ̀, C-SPAN kàn ń gba àwòrán tí wọ́n bá fún un ni. Àwòrán yẹn ò sì ní ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wù ú fi lè gé e bó ṣe fẹ́ kó sì máa pín in kiri.

Wọ́n ní ibi ìkó-fídíò-sí lórí sáìtì wọn, fídíò tó ti wà láti 1987 ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, 2010 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tó dùn jù níbẹ̀ fún mi ni pé ẹ lè fi ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan sọ wá fídíò, torí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ TV fún àwọn tí kò gbọ́ràn, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ pẹ̀lú fídíò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò tún un yẹ̀ wò, orúkọ oògùn àti orúkọ èèyàn máa ń dojú rú níbẹ̀ gan-an ni, torí náà ẹ má fi orúkọ oògùn wá nǹkan kan, ẹ ò ní rí i. Èmi tẹ́tí sí fídíò náà dáadáa, mo mú gbólóhùn kékeré kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa tò ó pọ̀ bó ṣe tò ó, ìyẹn ni mo tẹ̀, mo sì ní kó jẹ́ ilé aṣojúṣòfin nìkan. Ó gbé nǹkan rẹpẹtẹ wá. Mo ń wo àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá pátákó gíráàfù yẹn, títí mo fi rí i. Pátákó kan náà, táì kan náà.

Ìjókòó ọjọ́ kan lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ má jókòó wò ó tán o, orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò náà pẹ̀lú àkókò tí kálukú wọn bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn máa tẹ orúkọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìgékúrú yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa ń fà á sí, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ kí onítọ̀hún tó lanu. Mo fà á sẹ́yìn títí mo fi gbọ́ ohùn ẹni tó dipò Abẹnugan lórí àga, ó ń kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti kà á títí tó ti sú u, pé lábẹ́ ètò tí Abẹnugan ti kéde, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ báyìí ló ní ìṣẹ́jú 60 gẹ́gẹ́ bí ẹni tí olórí ẹgbẹ́ tí kò pọ̀ tó nínú ilé yàn.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ilé yẹn ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Special orders ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, tí ìbò ti tán, tí kálukú ti gbé báàgì ẹ̀ lọ, aṣòfin tó bá ṣì ní ọ̀rọ̀ nínú lè gba àyè láti sọ ọ́, kò sí àbádòfin kankan nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ta ko ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àga ló dákẹ́.

Ẹ ó wá ní kí ló dé tí kámẹ́rà ò fi àga òfìfo yẹn hàn wá? Ọ̀rọ̀ yẹn ti dìjà rí, ìjà ńlá. Ní 1984 Newt Gingrich, Robert Walker àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn, aṣojúṣòfin ẹgbẹ́ Republican, ń lo àkókò alẹ́ yìí láti máa bú ẹgbẹ́ kejì, ìyẹn Democrat, wọ́n á bi wọ́n léèrè lójú kámẹ́rà, wọ́n á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì, ẹni tó ń wò ó nílé á sì rò pé àwọn yẹn jókòó síbẹ̀ tí wọn ò rí nǹkan kan sọ. Ni Abẹnugan Tip O'Neill bá pàṣẹ ní May 10 pé kí kámẹ́rà yí yípo gbọ̀ngàn nígbà tí Walker ń sọ̀rọ̀, gbogbo ayé wá rí i pé àga ló ń bá sọ̀rọ̀. Wàhálà tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé nígbà tí O'Neill kọjú sí Gingrich nínú gbọ̀ngàn, wọ́n dájọ́ pé ọ̀rọ̀ tó sọ ò bófin ilé mu, Abẹnugan fúnra ẹ̀ o! Títí dòní, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kámẹ́rà ilé máa ń gbájú mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé yẹn ṣe ń rí gan-an, ẹ lọ wo ti January 2023, nígbà tí wọ́n dìbò lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún kí Kevin McCarthy tó di Abẹnugan, kámẹ́rà C-SPAN fúnra wọn ló wà nínú gbọ̀ngàn lọ́sẹ̀ yẹn, ibẹ̀ la ti rí Matt Gaetz ti Republican àti Alexandria Ocasio-Cortez ti Democrat tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, tá a rí bí wọ́n ṣe ń bára wọn dúnàádúrà, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Ní tèmi ó yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ta ló bi mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìbò. Aṣòfin náà dárúkọ nọ́ńbà àbádòfin nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, H.R. àti fígọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tẹ̀ ẹ́ sí Congress.gov, sáìtì tí wọ́n ń kó àbádòfin Amẹ́ríkà sí, mo ṣí ibi tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí i sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí agbára àti ọ̀rọ̀ ajé. Kò tíì jáde níbẹ̀. Kí ni wọ́n wá dìbò lé lórí tí wọ́n fi dà á nù? Kó lè dá mi lójú mo yọjú sí sáìtì akọ̀wé ilé, clerk.house.gov, gbogbo ìbò tí wọ́n bá fi káàdì dì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kálukú, ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí kò wá. Èyí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn ti parí kí ọkùnrin yìí tó gbé pátákó ẹ̀ dé.

Mo tún ṣí Congressional Record ọjọ́ náà, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé sí. Ẹ ṣọ́ra fún un díẹ̀, torí àwọn aṣòfin láyè láti tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n tiẹ̀ lè fi èyí tí wọn ò sọ rárá kún un, ṣùgbọ́n nílé aṣojúṣòfin wọ́n máa ń fi lẹ́tà tó yàtọ̀ tẹ irú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ bá ti inú fídíò mu. Ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé, mo padà sínú fídíò kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ. Lẹ́yìn gbogbo ìbínú yẹn, ọkùnrin náà kó ìwé ẹ̀ jọ, ó ní òun dábàá kí ilé sún ìjókòó di ọjọ́ mìíràn. Ẹni orí àga bi àga òfìfo léèrè, ó dá ara ẹ̀ lóhùn pé wọ́n gbà, ó lu òòlù.

Ìbò tí wọ́n dì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyẹn o, òun fúnra ẹ̀ ló sì dábàá ẹ̀. Mo fi àkáǹtì ọ̀fẹ́ tí mo ní lórí C-SPAN gé méjì, ọ̀kan láti ibi tí wọ́n ti ka ìṣẹ́jú 60 fún un, èkejì ibi òòlù, mo sì fi líǹkì fídíò gbogbo ọjọ́ náà tì í kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ wò ó fúnra ẹ̀.