Àwọn Àṣìṣe Tí Àlejò Máa Ń Ṣe ní Thimphu, Olú-Ìlú Bhutan

Àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn jù, àtilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á ṣírò owó bàálù àti òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á gbàgbé pé ìjọba Bhutan ń gba owó lọ́wọ́ àlejò fún gbogbo òru tó bá sùn níbẹ̀. 200 dọ́là ni tẹ́lẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n dín in kù sí 100 dọ́là fún ẹnì kan. Yàrá kò sí nínú rẹ̀, oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. Tọkọtaya tó bá sùn òru márùn-ún, 1,000 dọ́là ti lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ṣíbí. Ìdajì ni ti ọmọ ọdún 6 sí 12.

Thimphu kò ní pápákọ̀ òfurufú. Paro ni bàálù ń bà sí, nǹkan bíi 50 kìlómítà sí olú-ìlú. Àárín òkè ni wọ́n ń gbà wọlé, ojúmọmọ ni wọ́n sì ń fò ó. Bí ojú ọjọ́ bá dàrú, ó lè di ọ̀la. Ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì bàálù mìíràn láti Delhi tàbí Bangkok lọ́jọ́ kan náà láìfi àyè sílẹ̀, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti Tashichho Dzong, ilé olódi tó wà ní Thimphu. Àlejò á rí odi funfun ńlá yẹn, á ní ilé àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìran ni. Ọ́fíìsì ọba wà nínú rẹ̀ o! Àwọn mọ́ǹkì náà ń gbé ibẹ̀ nígbà ooru, kí wọ́n tó kó lọ sí ìlú Punakha nígbà òtútù. Ẹ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ á dá yín padà: ìrọ̀lẹ́, tí òṣìṣẹ́ bá ti ṣíwọ́, ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, àfi òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má wọ ṣòkòtò péńpé lọ. Ẹ wo onílé fúnra rẹ̀: ó wọ gho, aṣọ ìbílẹ̀ ọkùnrin tó dé orúnkún, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò ńlá tí aṣọ náà ṣẹ́ sí níwájú àyà, tó bá dé ẹnu ọ̀nà, á yọ kabney, ìborùn funfun gígùn, á gbé e kọ́ èjìká òsì, á tún un ṣe dáadáa kó tó wọlé. Aṣọ iṣẹ́ ni. Lálẹ́, jíǹsì ni ẹ ó bá lára ẹni kan náà.

Nínú tẹ́ńpìlì, ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣí fìlà, ẹ má ya fọ́tò. Ní Memorial Chorten, ilé ìrántí ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n kọ́ ní 1974 ní ìrántí ọba kẹta, àwọn àgbàlagbà máa ń yí i ká láti àárọ̀ dalẹ́. Apá ọ̀tún yín ni kó kọjú sí i. Ẹni tó bá gba òdì ń kọ lu àwọn tó ń gbàdúrà.

Ní pápá ìṣeré Changlimithang, ẹ má kọjá láàárín pápá àwọn tafàtafà. Ibi tí wọ́n ń ta sí jìn tó 145 mítà, ọfà náà kì í hàn sójú bó ṣe ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ata yangàn, ẹ rọra. Nínú ọbẹ̀ wọn tó ń jẹ́ ema datshi, ata gan-an ni ẹ̀fọ́, wàràkàṣì ni wọ́n fi sè é. Ẹ kọ́kọ́ fi ìrẹsì pupa tọ́ ọ wò kí ẹ tó bù ú kún àwo.