Bí a ṣe ṣe ibi ìgbaná ọkọ̀ sí ọgbà iṣẹ́ wa ní Ìlọrin

Ọkọ̀ oníná méjì ló ń wọ ọgbà iṣẹ́ wa ní Fate báyìí, ti ọ̀gá àti ti àǹtí akáúńtáǹtì. Tẹ́lẹ̀, ojú fèrèsé ni wọ́n ń na wáyà gbà, wọ́n á tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán. Irú èyí kì í fa ju kílówáàtì méjì àti díẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gba yúníìtì 30 kò ní í tíì kúrò níbẹ̀ tí iṣẹ́ á fi parí. Nígbà tí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ọ̀gá ní kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Ṣájà ara ògiri la rà, kílówáàtì 7, tó ń fa áńpù 32. Ibi tó máa ti mu iná niṣẹ́ wà. Mo bẹ Alàájì tó ń bá wa tún iná ṣe kí wọ́n wọn iye iná tó ń gba orí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí iná ń bá wọlé (pupa, yẹ́lò àti búlúù) ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, yẹ́lò ò fi bẹ́ẹ̀ sàn, búlúù ló fúyẹ́. Orí búlúù la gbé e sí. Wáyà mílì 10 la fà, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí jìn sí bọ́ọ̀dù, a sì fún un ní bírékà tirẹ̀.

Áàtì, ìyẹn wáyà ààbò tó wọ inú ilẹ̀, ló gba ọgbọ́n jù. Ṣájà yìí máa ń yẹ áàtì wò kó tó fún ọkọ̀ níná. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iná pupa ni yóò máa ṣẹ́jú. Ilẹ̀ ọgbà wa, yangí ni, bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ táútáú, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gba iná dáadáa. Alàájì ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀pá áàtì kan ò lè ṣe é." Méjì ni wọ́n gún mọ́lẹ̀, wọ́n so wọ́n pọ̀, ibi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán sílẹ̀ ni wọ́n sì yàn, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè máa tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Orí mi wú sí ọgbọ́n yẹn.

Ṣájà náà ṣiṣẹ́ dáadáa lórí iná NEPA. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, iná pupa! Niútírà jẹnẹrétọ̀, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ni kò so mọ́ áàtì. Alàájì fẹ́ so ó, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ọkọ̀ tí èèyàn torí owó epo rà, ṣé dísẹ́ẹ̀lì la tún fẹ́ máa jó sí i lórí? Wọ́n bá gbé wáyà ṣájà síwájú ṣéńjì-ófà tí a fi ń yí iná láàárín NEPA àti jẹnẹrétọ̀, kó jẹ́ iná NEPA nìkan ni yóò máa mu.

Ó wá ku owó. Band A ni wá, ìpele àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, náírà 225 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, sì pe yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní iye yẹn, yúníìtì 30 á gba 6,750. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà wá síbi iṣẹ́ ní, "Àwa ńkọ́, ta ló ń ra epo fún wa?" Ẹjọ́ wọn ò wọ́. A fi mítà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ṣájà, oníkálukú ń kọ iye tó fà sínú ìwé, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Ọ̀gá náà ń san tiwọn.