Bí A Ṣe Ń Gbin Ápíríkọ́ọ̀tì Níbi Tí Yìnyín Ti Ń Bọ́

Igi ápíríkọ́ọ̀tì, igi eléso oníkóró kan, tó jẹ́ ọmọ ìlú olótùútù kì í tètè kú. Àwọn tó wá láti ìran ápíríkọ́ọ̀tì Manchuria, ní àríwá ìlà oòrùn Ṣáínà, lè fara da −30°C nígbà tí wọ́n bá wọ́wé tán tí wọ́n ń sùn. Òdòdó wọn ni òtútù ń pa. Bí oòrùn bá ràn díẹ̀ lópin ìgbà òtútù, igi yìí á ti jí, á tanná, òtútù á sì padà wá ká a mọ́ ìta. Òdòdó tó ti là á bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní nǹkan bíi −3°C. Bó bá dé −6°C, díẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù. Nítorí náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ ni kí igi má tètè jí.

Ibi tí a gbìn ín sí ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbìn ín sídìí ògiri tó kọjú sí gúúsù kó lè rí ooru. Àṣìṣe ńlá ni, torí ibẹ̀ ló ti máa tètè jí jù. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí àríwá ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ dé kòtò o: atẹ́gùn tútù máa ń ṣàn bí omi lóru, ó sì máa ń dágún síbẹ̀. Ẹ yẹra fún ilẹ̀ tí omi ń dúró sí.

Lára irú ápíríkọ́ọ̀tì tó ń fara da òtútù, Westcot àti Brookcot wá láti Kánádà. Moongold àti Sungold wá láti Minnesota ní Amẹ́ríkà. Moongold àti Sungold nílò ara wọn kí wọ́n tó lè so dáadáa. Ẹ fi mítà 5 sí 6 sáàárín igi méjì. Ìgbà ìrúwé ni kẹ́ ẹ gbìn ín. Kí ihò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ.

Kí ìgbà òtútù tó dé, ẹ po ọ̀dà funfun olómi mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, kẹ́ ẹ sì fi kun ìdí igi títí dé ẹ̀ka àkọ́kọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn ọ̀sán á mú èèpo gbóná, òtútù òru á sì là á. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ lẹ́yìn àárín ìgbà ooru, torí ẹ̀ka tí kò tíì gbó ni òtútù máa ń kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn ìkórè, lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, ni kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka. Ojú ọgbẹ́ tó tutù ni àrùn ń gbà wọlé.

Lóru tí òtútù bá fẹ́ mú òdòdó, ẹ fi aṣọ bo igi kékeré kanlẹ̀, kẹ́ ẹ ká a kúrò láàárọ̀ kí oyin lè ráyè. Ẹ já òdòdó mẹ́wàá wò, kẹ́ ẹ là wọ́n sí méjì. Bí ọ̀pá tín-ín-rín àárín rẹ̀ bá ti dúdú, ó ti kú nìyẹn, bí ewé òdòdó tilẹ̀ ṣì funfun báláú.

Bí èso bá tó orí ìka, ẹ já díẹ̀ dànù, kí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 wà láàárín wọn. Èyí tó bá fara kan ara ń tètè jẹrà.

Ọdún mìíràn kò ní so rárá, nítorí náà ẹ tọ́jú èyí tẹ́ ẹ bá rí. Láti gbẹ ẹ́, ẹ là á sí méjì, ẹ yọ kóró, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá gbé e sí 57°C fún wákàtí 20 sí 28, títí yóò fi ṣeé ká bí awọ láìsí omi nínú. Fún jáàmù, ẹ da gíráàmù 700 ṣúgà àti ṣíbí ìjẹun méjì omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí kílò kan èso, kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ tó sè é. Ẹ kán díẹ̀ sórí abọ́ tútù. Bó bá hunjọ nígbà tẹ́ ẹ fìka tì í, ó ti jinná.

Ẹ má jẹ ẹ̀pà inú kóró rẹ̀ o: ó ń di májèlé sáyánáìdì nínú ikùn. Àjọ EFSA, tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, kìlọ̀ ní 2016 pé bí àgbàlagbà bá jẹ ju kékeré mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè kọjá ìwọ̀n tí kò léwu. Fún ọmọdé, ẹyọ kan lè pọ̀ jù.